Láti Ìsẹ́yìn dé Ṣakí: Lọ́wọ́ Ta Ni Ọmọ Kékeré Ti Ń Gba Èdè?

Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Ọ̀yọ́ lọ sí Òkè-Ògùn ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn yóò ṣàkíyèsí pé, bí òun ti ń sún mọ́ Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni igbó ń ká kúrò lórí ilẹ̀, tí ọ̀dàn sì ń gba ipò rẹ̀. Koríko ti gbẹ, ó pọ́n bí ìdẹ. Igi òrí àti igi irú dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan láàrín oko iṣu àti oko àgbàdo. Àwọn àpáta dúdú sì yọ orí sókè lọ́nà jíjìn bí ẹni pé wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀ náà. Odò Ògùn ni ó fún ilẹ̀ yìí ní orúkọ rẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ 10 nínú 33 tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó sì wà níbẹ̀. A mọ Òkè-Ògùn sí ilẹ̀ oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, èyí ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ kéékèèké tí a bí sí ìdálẹ̀, àti ti ẹni tí ó yẹ kí a fi wọ́n lé lọ́wọ́ kí wọ́n lè gbọ́ èdè ibi tí wọ́n wà.

Ní Ìsẹ́yìn, ìró òfì ni í kọ́kọ́ kí àlejò káàbọ̀. Àwọn ọkùnrin jókòó ní ìlà lábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ń ju ọkọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, aṣọ òkè sì ń gùn síwájú wọn bí ọ̀nà tóóró. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 4 ń ṣeré ní ẹ̀bá ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó pè é jókòó kí ó kọ́ ọ ní orúkọ aṣọ, síbẹ̀ bí ẹ bá bi í léèrè, yóò fi èyí tí í ṣe ẹtù hàn yín, yóò sì fi èyí tí í ṣe sányán hàn yín. Etí rẹ̀ ni ó fi kọ́ ọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ń ṣeré lójoojúmọ́.

Ìyá àgbà kan tí ó ń ta òwú nítòsí ibẹ̀ ni ó gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún wa. Ọmọbìnrin rẹ̀ àti ọkọ rẹ̀ ń gbé ní ilẹ̀ Jámánì, wọ́n sì ti bí ọmọkùnrin kan tí ó ń lọ sí ọdún 2. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ọ̀nà o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ bá mi rò ó wò. Wọ́n ní àwọn ń wá obìnrin òyìnbó kan tí yóò máa tọ́jú ọmọ mi lójú ọ̀sán, kí ó baà lè gbọ́ èdè wọn. Èmi ìyá wọn sì wà láyé, ọ̀já mi sì wà nínú àpótí. Ṣé èmi kọ́ ni ó yẹ kí n lọ pọ̀n ọ́n? Bí ó bá sì gbọ́ èdè tiwọn tán, èwo ni yóò fi kí mi?”

A dá a lóhùn pé, “Ìyá, ọ̀rọ̀ yín tọ́ sí ìrònú. Ẹ jẹ́ kí a dé Ṣakí ná.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ ó dé ire. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé èmi arúgbó o.”

Ìbéèrè méjì ni ìyá yìí bi wá. Èkíní ni pé, ta ni ó yẹ kí ó tọ́jú ọmọ ní ìdálẹ̀? Èkejì ni pé, bí ọmọ bá gba èdè àjèjì, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí èdè ìyá rẹ̀? Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tí ó jẹ́ titun ní Òkè-Ògùn, bí a ó ti rí i.

Ní ọdún 1821 ni ogun kó Òṣogùn, ìlú kan tí kò jìnnà sí Ìsẹ́yìn. Lára àwọn tí a kó lẹ́rú ni ọmọdékùnrin kan wà tí ń jẹ́ Àjàyí. Ìsẹ́yìn ni a kọ́kọ́ kó wọn wá. Lẹ́yìn náà ni a ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, tí a sì kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí ní ọdún 1822. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n lójú òkun, wọ́n sì sọ̀ wọ́n kalẹ̀ ní Freetown ní ilẹ̀ Sàró ní oṣù kẹfà ọdún náà. Láàrín nǹkan bí oṣù 6 ó ti ń ka Májẹ̀mú Titun ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Òṣogùn yìí ni Samuel Àjàyí Crowther, ẹni tí ó di bíṣọ́ọ̀bù ní ọdún 1864.

Àjàyí kì í ṣe ìkókó nígbà tí a mú un, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀kọ́ ni ó fi kúrò nílé. Ìwà ìkà ni a hù sí i. Síbẹ̀ ohun kan wà nínú ìtàn rẹ̀ tí ó kan ọ̀rọ̀ wa. Gbogbo ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ́ kò mú kí Yorùbá jábọ́ lẹ́nu rẹ̀, nítorí pé Freetown kún fún àwọn ọmọ Yorùbá tí a gbà sílẹ̀ bí tirẹ̀, àwọn tí a ń pè ní Àkú ní ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1843 a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìbá ṣe pé òun nìkan ṣoṣo ni Yorùbá ní Freetown, ta ni ì bá máa bá sọ ọ́ láti ìgbà èwe rẹ̀ títí ó fi dàgbà?

Láti Ìsẹ́yìn, ọ̀nà ń bá ọ̀dàn lọ sí ìhà àríwá. A kọjá Tẹdé àti Àgọ́-Àrẹ, níbi tí ebè iṣu ti tẹ́ lọ títí ojú kò fi ká a mọ́, a sì dé Ṣakí. Ìlú ńlá ni, ó jókòó láàrín àwọn òkè olókùúta, Asabàrí sì ni olókìkí jùlọ nínú wọn. Òkèrè ni oyè ọba ibẹ̀. Ààlà ilẹ̀ Benin, èyí tí a ń pè ní Dàhòmì títí di ọdún 1975, kò jìnnà sí ìlú náà. Àwọn ará Ṣábẹ tí wọ́n ń sọ Yorùbá bí tiwa wà ní òdìkejì, àwọn Ìbàrìbá sì wà ní ìhà àríwá. Nítorí náà ni ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá dúró ní ọjà Ṣakí yóò gbọ́ Yorùbá, yóò gbọ́ Haúsá, yóò gbọ́ èdè àwọn Fúlàní tí wọ́n ń gbé igbá wàrà kiri, yóò sì gbọ́ Faransé lẹ́nu àwọn tí ó ti òdìkejì wá. Àwọn ọmọ kéékèèké tí ń ṣeré láàrín àtẹ kò bẹ̀rù èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jùlọ ní Ṣakí kì í ṣe ti ọjà. Àwọn àgbàlagbà wà níbẹ̀ tí a bí sí òkèèrè. Láàrín àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ nínú ọ̀rúndún tí ó kọjá, ọ̀pọ̀ oníṣòwò kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Ìgbòho, ní Ìgbẹ́tì àti ní Ṣakí, wọ́n lọ sí Góòlù Kóòsì, ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Gánà láti ọdún 1957. Àwọn kan dúró ní Kumasi, àwọn mìíràn lọ títí dé Tamale ní òkè ọ̀dàn ibẹ̀, wọ́n sì ń ta ọjà wẹ́wẹ́ láti ìlú dé ìlú. Ọ̀mọ̀wé J. S. Eades tẹ ìwé kan jáde nípa wọn ní ọdún 1993, Ṣakí sì wà lára àwọn ìlú tí ó tọ ìtàn wọn dé.

Àwọn wọ̀nyí bí ọmọ sí ìdálẹ̀. Ìyá tí ó jókòó ti àtẹ láti òwúrọ̀ di alẹ́ kò lè dá ọmọ mú. Aládùúgbò a máa bá a gbé e, ọmọ aládùúgbò a sì máa bá a ṣeré. Ní Tamale, èdè Dagbani àti Haúsá ni ó gba etí ọmọ náà lóde. Ní Kumasi, Twi ni. Nígbà tí ó bá wọ inú agbo ilé, Yorùbá ni yóò bá níbẹ̀, nítorí pé àwọn ará ilé kan náà jùmọ̀ ń gbé ni, wọ́n ní ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, wọ́n sì ní ibi tí wọ́n ti ń jọ́sìn ní èdè ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀ràn dé. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní ilẹ̀ náà láàrín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá di ẹrù, wọ́n sì padà sílé. Àwọn ọmọ tí a kó wá sí Òkè-Ògùn nígbà náà, púpọ̀ nínú wọn kò tíì fojú rí ilé baba wọn rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti ń kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, wọ́n sì mọ ohun tí a ń sọ bí a bá kúnlẹ̀.

Èdè méjì tàbí mẹ́ta ni àwọn ọmọ wọ̀nyí mú bọ̀, ọ̀kan kò sì lé èkejì jáde. Kí ni ó fà á? Ohun tí ó fà á ni pé wọ́n ní ènìyàn fún èdè kọ̀ọ̀kan. Àwọn onímọ̀ ti ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ayé òde òní. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Seattle ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà mú àwọn ìkókó olóṣù 9 tí a ń sọ Gẹ̀ẹ́sì fún nílé. Àwọn kan nínú wọn bá ènìyàn tí ń sọ èdè Ṣáínà ṣeré ní ìgbà 12. Àwọn mìíràn gbọ́ èdè kan náà láti inú àwòrán tẹlifíṣọ̀n tàbí láti inú ẹ̀rọ ohùn. Àwọn tí ó bá ènìyàn ṣeré ni ó wá mọ ìyàtọ̀ ìró èdè náà. Àwọn tí a gbé ka iwájú ẹ̀rọ kò rí nǹkan kan mú níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò wo ojú ọmọ, kò sì dúró de èsì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọjá sí Jámánì, níbi tí ọmọ-ọmọ ìyá wa wà. Ilẹ̀ náà ni a ti dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ nígbà láéláé. Friedrich Fröbel ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ìlú Blankenburg ní ọdún 1837, ní ọdún 1840 ni ó sì fún un ní orúkọ Kindergarten, èyí tí í ṣe ọgbà àwọn ọmọdé. Àwa Yorùbá pe tiwa ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ó yẹ kí a rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i: Jámánì ro ti ọmọ, ó pè é ní ọgbà, àwa ro ti ìyá tí ó rẹ̀, a ní kí ilé sinmi. Òtítọ́ wà nínú orúkọ méjèèjì.

Lónìí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 2013, òfin Jámánì fún gbogbo ọmọ tí ó bá ti pé ọdún 1 ní ẹ̀tọ́ sí àyè ìtọ́jú. Oríṣi méjì ni àyè náà. Èkíní ni ilé ìtọ́jú ọmọdé, tí wọ́n ń pè ní Kita. Èkejì ni obìnrin tí ó gba ìwé àṣẹ láti máa tọ́jú ọmọ nínú ilé ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Tagesmutter, èyí tí ó túmọ̀ sí ìyá ọ̀sán. Kò sì gbọdọ̀ ní ju ọmọ ọlọ́mọ 5 lọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Òfin fún ni ní ẹ̀tọ́, ṣùgbọ́n àyè kò tó ní ìlú púpọ̀. Nítorí náà ni àwọn òbí fi ń forúkọ sílẹ̀ kí ọmọ tó rìn, àwọn mìíràn kí a tó bí i pàápàá. Jugendamt, èyí tí í ṣe ọ́fíìsì ìjọba fún ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, ni ẹni tí ó bá ń wá ìyá ọ̀sán yóò kọ́kọ́ lọ.

Bí a bá rí àyè, a kì í ju ọmọ síbẹ̀ kí a sá lọ. Òbí yóò bá a jókòó nínú yàrá fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà yóò jáde fún ìṣẹ́jú díẹ̀, yóò padà. Yóò tún jáde pẹ́ díẹ̀ sí i. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ọmọ tó gbà pé ẹni titun yìí kì í ṣe ọ̀tá. Ọmọ yóò ní bàtà inú ilé, yóò ní aṣọ òjò, nítorí wọn kì í tìtorí òjò dáwọ́ eré òde dúró. Yóò máa sùn lọ́sàn-án. Ọmọ titun lè dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ láìsọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè náà. Kí òbí má ṣe fòyà: etí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ kí ẹnu rẹ̀ tó là.

Ohun méjì wà nínú èdè Jámánì tí yóò ya ará Òkè-Ògùn lẹ́nu. Àkọ́kọ́, gbogbo orúkọ ohun ni ó jẹ́ akọ, tàbí abo, tàbí èyí tí kì í ṣe akọ tí kì í ṣe abo, tí ọ̀rọ̀ kékeré iwájú wọn sì ń yí padà: der, die, das. Àwa tí “ó” kan ṣoṣo tó fún ọkùnrin, obìnrin àti àga, a ó sọ pé irú èyí kò ṣeé kọ́. Àgbàlagbà ń fi ìwé kọ́ ọ, ó sì ń ṣì í. Ọmọdé ń fi etí kọ́ ọ nídìí eré, bí ọmọ Ìsẹ́yìn ti kọ́ orúkọ aṣọ. Èkejì, wọ́n ní “ìwọ” àti “ẹ̀yin” bí tiwa: du ni fún ojúlùmọ̀ àti ọmọdé, Sie ni fún àgbà tí a kò mọ̀. Ṣùgbọ́n ní Kita, ọmọdé a máa fi du bá olùtọ́jú rẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì máa pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Ìyá àgbà yóò ní, “Háà!” Kì í ṣe àfojúdi níbẹ̀. Nílé, lọ́wọ́ ìyá àti bàbá rẹ̀, ni ọmọ náà yóò ti kọ́ pé Yorùbá ní “ẹ” fún àgbà, ibòmíràn kò sì sí tí yóò ti kọ́ ọ.

A lè dáhùn ìbéèrè ìyá wa nísinsìnyí. Ó béèrè bóyá òun kọ́ ni ó yẹ kí ó lọ pọ̀n ọmọ. Bí ó bá lè lọ, kí ó lọ, ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ìwé ìwọ̀lú àbẹ̀wò kò gbà ju ọjọ́ 90 lọ nínú ọjọ́ 180. Bí ó bá padà sí Ìsẹ́yìn, ọmọ wà níbẹ̀ síbẹ̀, àwọn òbí rẹ̀ sì ní iṣẹ́ láti lọ. Bí ọmọ bá wà nínú ilé láìgbọ́ èdè ìlú, ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ yóò bá a lójijì. Ní Hamburg, wọ́n ń pe òbí pẹ̀lú ọmọ ọlọ́dún 4 àbọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ láti wo bí ó ti ń sọ̀rọ̀ sí. Ọmọ tí ó ti lo ọdún 2 tàbí 3 lọ́wọ́ ìyá ọ̀sán yóò dúró níbẹ̀ láìtijú. Àwọn ará Ṣakí ní Tamale kò bẹ̀rù ọwọ́ aládùúgbò. Kò yẹ kí àwọn ará Ìsẹ́yìn bẹ̀rù rẹ̀ ní Jámánì. Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n kí òbí yan alágbàtọ́ pẹ̀lú ọgbọ́n. Kí wọ́n wò ó bí ó ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, tàbí bí ó ń pàṣẹ fún un nìkan. Kí wọ́n wò ó bóyá ó ń rẹlẹ̀ dé ojú ọmọ nígbà tí ó bá ń dá a lóhùn. Olùtọ́jú tí ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní ṣùgbọ́n tí ó gbé ọmọ ka iwájú tẹlifíṣọ̀n láti òwúrọ̀ kò lè fún un ní èdè. Kí wọ́n sì sọ fún un pé Yorùbá ni a ń sọ nílé, kí ó má baà rò pé ọmọ náà yadi.

Ti ìbéèrè kejì ni ó le jù, níbẹ̀ sì ni ewu gidi wà. Ní Freetown àti ní Tamale, agbo ilé wà tí ó ń pa Yorùbá mọ́. Ní Jámánì, ìdílé kan lè máa gbé nínú yàrá mẹ́ta ní orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, láìní Yorùbá mìíràn ní àdúgbò. Kò sí agbo ilé. Ìyá àti bàbá ni gbogbo agbo ilé. Bí àwọn pàápàá bá bẹ̀rẹ̀ sí fi èdè Jámánì tí ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀ nítorí kí ó lè yára, wọn yóò fún un ní èdè kan tí Kita ń fún un ní èyí tí ó dára jù ú lọ, wọn yóò sì gba èyí tí ẹnikẹ́ni kò lè fún un mọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí Kita máa ṣe iṣẹ́ Kita, kí ilé sì máa ṣe ti ilé. Bí ọmọ bá da èdè méjì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kí a má ṣe nà án. Bí ó bá ti ń dàgbà ni yóò máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Iṣẹ́ wà fún ìyá àgbà pẹ̀lú ní Ìsẹ́yìn níbẹ̀. Ní ọdún 2014, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà rí i pé àwọn ọmọ olóṣù 24 sí 30 lè kọ́ ọ̀rọ̀ titun lọ́dọ̀ ẹni tí ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lójúkojú nínú ẹ̀rọ, tí ó ń dá wọn lóhùn bí wọ́n ti ń ṣe. Wọn kò rí i kọ́ láti inú àwòrán tí a ti yà sílẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀yin ìyá bá ń fi tẹlifóònù olójú bá ọmọ-ọmọ yín sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bá ìyá rẹ̀ nìkan jíròrò owó àti ọjà. Ẹ pe ọmọ náà. Ẹ ki í ní oríkì rẹ̀. Ẹ fi òwú hàn án, ẹ ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì dúró de èsì. Bí ó bá fi èdè Jámánì dáhùn, ẹ rẹ́rìn-ín, kí ẹ tún un sọ ní Yorùbá. Ìṣẹ́jú 10 lójoojúmọ́ kò pọ̀ jù fún ohun tí yóò jẹ́ kí ọmọ náà lè dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé yín ní ọjọ́ kan, kí ó dọ̀bálẹ̀, kí ó sì kí yín láìsí ògbufọ̀.